Lẹ́tà Tí Kò Dé Ọwọ́ Romeo

 Wọ́n ní kí a tún kọ nǹkan sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ìwé kan tí ó gba oorun lójú wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí a rò pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ tí ń dàgbà.

Ìwé mẹ́fà péré ni a kà, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀. Lébírà ni a kọ́kọ́ ṣe ní rélùwéè, ẹnu iṣẹ́ ni a sì ti kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé. Rélùwéè kò dé Onitsha. Enugu ni a ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ èrò ni a fi ń wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Benin, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí ó dúró parí iléèwé rẹ̀ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a dé, a bá a tí ó fajú ro níwájú ìwé kan.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú àbọ̀. Ìwé tí tíṣà wa ní kí a kà rèé, ṣùgbọ́n òyìnbó inú rẹ̀ kì í ṣe òyìnbó tí à ń sọ."

A gba ìwé náà wò. Romeo and Juliet ni, eré oníṣe tí William Shakespeare kọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1564 tí ó sì kú ní 1616. Ọdún 1597 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ eré náà jáde. Òyìnbó rẹ̀ sún mọ́ ti Bíbélì òyìnbó tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, nítorí náà kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. A wá bá ọmọ náà ṣe àdéhùn: òun yóò máa kà á sókè, àwa yóò máa wo ìwé atúmọ̀-èdè, àwa méjèèjì yóò sì máa fi Yorùbá sọ ohun tí a bá rí. Báyìí ni a ṣe kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, yálà iná mànàmáná wà tàbí kò sí.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí kò tíì kà á, ìtàn náà lọ báyìí.

Ní ìlú Verona ní ilẹ̀ Ítálì, ìdílé ọlọ́lá méjì wà tí wọn kì í rí ara wọn sójú: ìdílé Montague àti ìdílé Capulet. Ìjà wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn pàápàá ń fa idà yọ sí ara wọn ní ìta gbangba. Ọmọ Montague ni Romeo, ọmọ Capulet ni Juliet. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan, Romeo fi ìbòjú bojú, ó yọ́ wọ ibi àsè ní ilé Capulet, ibẹ̀ ni òun àti Juliet ti rí ara wọn. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì gan-an, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Friar Laurence so wọ́n pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Tybalt tí í ṣe ìbátan Juliet ti gún Mercutio ọ̀rẹ́ Romeo pa, Romeo sì ti gún Tybalt pa. Olórí ìlú lé Romeo jáde kúrò ní Verona.

Baba Juliet kò mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ́kọ. Ó ní dandan ni kí ó fẹ́ ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Paris, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí ọ̀ràn dé ojú ẹ̀, Friar Laurence fún ọmọbìnrin náà ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42. Èrò rẹ̀ ni pé wọn yóò gbé e lọ sí ibojì ìdílé, Romeo yóò wá dúró tì í títí yóò fi jí, yóò sì mú un lọ. Ó kọ lẹ́tà sí Romeo ní Mantua pé oorun ni o, kì í ṣe ikú.

Lẹ́tà náà kò dé. Friar John tí ó gbé e lọ wá àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọn yóò jọ rìn. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ni ẹni náà wà, àwọn tí ń ṣọ́ ìlera ìlú sì fura pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilé tí wọ́n wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò rí ẹni tí yóò bá a mú lẹ́tà lọ, kò rí ẹni tí yóò mú un padà. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ Romeo ti sáré dé Mantua pẹ̀lú ìròyìn pé Juliet ti kú. Romeo ra májèlé, ó padà wá ní òru, ó pa Paris lẹ́nu ibojì, ó sì gbé májèlé mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀. Juliet jí, ó rí òkú ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ Romeo gún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n rí ara wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n kú, kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ọmọ wa kà dé ibi lẹ́tà yìí, a dákẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé oorun ni?" A ní rárá. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí àwa kọ́kọ́ ṣì túmọ̀. Juliet wà lókè ilé ní òru, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ Romeo. A rò pé ibi tí Romeo wà ni ó ń béèrè. Ọmọ wa ní tíṣà àwọn ti ṣàlàyé pé ìdí ni ó ń béèrè: kí ló dé tí ẹni tí òun fẹ́ràn fi ní láti jẹ́ ọmọ ilé tí ilé òun kórìíra? Lójú tirẹ̀, orúkọ kò yí ènìyàn padà. A ní èyí kò bá ti wa mu, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ náà wò wá, ó ní, "Bọ̀dá, orúkọ méjì ni èmi ní. Èyí tí ẹ sọ mí wà, èyí tí Mama ìsàlẹ̀ sọ mí ní Ìgbò wà. Èwo nínú méjèèjì ni kì í ṣe èmi?" A kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí Okpoko, ẹ̀yin náà ẹ wá èsì sí i.

Ohun kejì tí ó yà wá lẹ́nu ni pé láti ojú ewé kìíní dé ìgbẹ̀yìn, kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀. Ìjà àtijọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ń kú nítorí rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Yorùbá ní, "À ń jà, bí i ká kú kọ́," ṣùgbọ́n ìjà tí kò ní ìdí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ìlú kan náà ni Montague àti Capulet ń gbé, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ nílé wa. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tẹ Modákẹ́kẹ́ dó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀. Wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń fẹ́ ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n jà ní 1981, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ó sì di 2000 wọ́n ṣì ń jà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti ìhín tí baba rẹ̀ wá láti ọ̀hún, níbo ni yóò sá sí?

Ẹ wo afárá tí a ń gbà kọjá Odò Ọya. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Kò pé ọdún méjì tí ogun fi dé, wọ́n sì já a ní 1967. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún un so pọ̀, àwa àti ẹrù wa ń gbà á kọjá títí di òní, wọ́n sì ti ṣí èkejì ní 2023. Bí afárá bá já, ìjọba ni yóò tún un ṣe. Èyí tí ó wà láàrin ilé kan àti ilé kejì kò ní ìjọba tí yóò tún un ṣe. Àwa àgbà ni.

Wàyí o, kí a padà sórí lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ rélùwéè kò lè ka ìtàn yìí kí inú má bí i sí Friar Laurence. Lórí ojú irin kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí ó ń gbà bọ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ jáde ní sítéṣọ̀n títí wọn yóò fi fi àmì àṣẹ lé e lọ́wọ́. Sítéṣọ̀n tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ ti jẹ́rìí pé ọ̀nà ṣófo. Bí èsì kò bá dé, ọkọ̀ kò ní lọ, ìbáà ṣe pé ọ̀gá àgbà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó mú kí òfin náà le bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà yìí ti fún ọmọdé ní oògùn kí ó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ó rán dé. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ìránṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú tí ó lè sọ òtítọ́ fún Romeo bí ìránṣẹ́ náà bá dúró sọ́nà.

Kí ni ó fà á? Ìkọ̀kọ̀ ni. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ń fẹ́ ẹni tí yóò dúró sí àárín, ìyẹn ni wọ́n fi ní alárenà. Alárenà ń wádìí ilé, ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó ń gbé e bọ̀, títí ọmọbìnrin fi ṣe ìṣíhùn, tí àwọn ẹbí sì mọ ara wọn. Bí ojú bá ti mọjú tán, alárenà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àṣírí ń bẹ lọ́wọ́ alárenà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ń gbé e lọ níkẹyìn. Friar Laurence fẹ́ ṣe alárenà fún ìdílé méjì tí kò bá sọ̀rọ̀. Èrò rẹ̀ dára, ó rò pé ìgbéyàwó náà yóò parí ìjà. Ṣùgbọ́n ó so yìgì tán kí ó tó bá ilé kankan sọ̀rọ̀. Nígbà tí Juliet jí nínú ibojì, tí ó gbọ́ tí àwọn ọdẹ ń bọ̀, ó sá, ó fi ọmọ náà sílẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ tún wo ìlú tí a wà yìí. Kí ogun tó dé ní 1967, Onitsha ni ilé àwọn ìwé kéékèèké tí àwọn ènìyàn bíi tiwa ń kà: àwọn tíṣà, àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé. Ní 1948 ni Cyprian Ekwensi gbé When Love Whispers jáde níbí. Ní 1956 ni Ogali A. Ogali kọ Veronica My Daughter, tí ó tà bí ẹni ta àkàrà. Ọ̀rọ̀ baba kan ni, Chief Jombo, tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ìjòyè olówó, nígbà tí ọmọ náà ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Àwọn tí ń kọ àwọn ìwé wọ̀nyẹn mọ Shakespeare dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ kan. Ojúkojú ni Veronica ti bá baba rẹ̀ jiyàn nínú ilé. Ariwo pọ̀, èébú pọ̀, ṣùgbọ́n baba mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ rẹ̀. Baba Juliet kò mọ̀ títí wọ́n fi pè é sí ẹnu ibojì.

A ti ṣèlérí pé ẹ ó gbọ́ ìdí tí a fi dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, a sì ti gba àṣẹ kí a tó kọ ọ́.

Ní ọdún 2000, ọmọ ọdún méjìlá ni wá, ìwé mẹ́fà ni a wà. Baba wa ń tún aago ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí í ṣe ìyá ọmọ tí à ń bá kàwé yìí, ti fẹ́ pé ogún ọdún. Ọmọkùnrin Ìgbò kan wà tí ó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọjà ńlá. Ó ti sìn parí, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ dá òwò sílẹ̀ fún un ní ìlú mìíràn. Ọmọlúwàbí ni, a mọ̀ ọ́n. Baba wa kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa lọ bá ìyá wa, ìyá wa sì gbà láti bá a tu baba wa lójú. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n wa kọ lẹ́tà sí ọmọkùnrin náà pé kí ó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kí ó tó rìnrìn àjò. Fóònù alágbèéká kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwa ni ó fi lẹ́tà rán.

Kí a tó jáde ní àdúgbò, a pàdé baba wa. Kò bi wá ní nǹkan kan, ó kàn wò wá ni. Ẹ̀rù bà wá, a yí padà, a fi lẹ́tà sínú ìwé ìṣirò wa. Ọjọ́ kejì a ní ọ̀la ni a ó lọ. Ọ̀la di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí a dé ìsọ̀ náà níkẹyìn, wọ́n ní ó ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. A padà délé, ẹ̀gbọ́n wa béèrè, a sì ní a ti fún un.

Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ìbẹ̀rù ọmọdé ni ó mú lẹ́tà pẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó mú un sọnù. Ẹ̀gbọ́n wa dúró de èsì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn náà kò bi wá mọ́. Nígbà tí ó yá, ó fẹ́ ọkọ, ènìyàn rere, a kò sì rí ohun tí a lè fi sùn ún. Láti ọjọ́ náà wá, a kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí ọmọ rẹ̀ fi kà á sí wa létí láti inú ìwé Shakespeare.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ lọ sí Benin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. A kúnlẹ̀, a sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ń ká aṣọ, ó sì ń ká a lọ. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò kọ̀ mí nígbà náà." A ní rárá, kò rí lẹ́tà náà rárá ni. Ó tún ká aṣọ méjì sí i. Ó ní, "Dìde, wá jẹun." Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní òun yóò sọ ọ́ fún ọkọ òun, ó sì ti sọ ọ́. Ó ní kí a kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí a rí kọ́ kò pọ̀. A kò sọ pé kí ẹ fi ọmọ fún ẹni tí ọmọ bá kọ́kọ́ rí. Juliet kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọdé ni, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sì ní kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ọmọ tí kò pé ọdún méjìdínlógún. Baba rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ sọ fún Paris pé kí ó ní sùúrù fún ọdún méjì sí i. Ìbá ṣe pé ó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni, àyè ìbá wà láti sọ òtítọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nínú ilé, kí ó má bàa máa wá ẹni tí yóò fi lẹ́tà rán. Bí ó bá ṣòro fún un láti bá baba sọ ọ́, kí ìyá wà, kí ẹ̀gbọ́n baba wà, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a máa pe àìmọ̀ ní ọ̀tá. Ní Obosi níbí, lẹ́bàá wa, ni ìlú Emeka Anyaoku wà, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà fún Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì láti 1990 sí 2000. Ní 1962 ni ó fẹ́ Olubunmi Solanke, ọmọ Yorùbá. Ogun 1967 sí 1970 bá ìgbéyàwó náà, kò wó o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín rèé: iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín, ẹ jẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá lè jẹ́ ẹ, ẹ padà wá sọ pé ẹ kò jẹ́ ẹ. Friar John kò jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wá sọ ọ́, ó sì fi lẹ́tà lé ẹni tí ó rán an lọ́wọ́. Ó sàn jù wá lọ.

Ní òpin ìwé náà, baba Romeo àti baba Juliet bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí òkú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn yóò fi wúrà ṣe ère wọn. Ọmọ wa pa ìwé dé, ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn." A kò ní ohun tí a ó fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ìpàdé wa tí ń bọ̀ bá parí, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ka apá kan nínú eré náà fún wa, wọn yóò sì máa fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀. A bẹ gbogbo baba kí wọ́n mú ọmọ wọn wá, kí wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìdúró de àwọn ọmọ.